Ọjọ́ Kan Tí Ebè àti Ẹja Jọ Ń Dù

Ọwọ́ méjì kì í gbé igbá mẹ́ta.
Ẹsẹ̀ tó ti yà sọ́nà oko ti fi ọ̀nà odò sílẹ̀.
Ohun tí a kò mú, òun náà ní orúkọ.

Àwọn awo mẹ́ta yìí ni wọ́n dífá fún Láwuyì, àgbẹ̀ ìlú Ìjàdò, ní ọjọ́ tí ó ń sunkún pé ọwọ́ òun kì í dilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé òun kì í ní oúnjẹ.

Bí a ti gbọ́ ọ ni a ń sọ ọ́. Orúkọ odù tó jáde lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tó o kì í pè é. Kí Ifá má ka àṣìsọ sí wa lọ́rùn.

Láwuyì kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà bú u. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé oko. Ohun tó ń ṣe é ni pé ojú rẹ̀ kì í gbé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Bí ó bá ń kọ ebè, tí ó rí ẹni tó ru eyìn kọjá, á sọ ọkọ́ sílẹ̀, á mú igbà, ó di ìdí ọ̀pẹ. Bí ó bá wà lórí ọ̀pẹ, tí ó gbọ́ pé ẹja ń jẹ lódò, á sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ebè rẹ̀ kò ju ọgọ́ta lọ, èpò sì bò wọ́n. Eyìn tó kó jọ jẹrà kí ó tó rántí rẹ̀. Ìgèrè tó dẹ sódò, omi gbé e lọ.

Nígbà tí ìyàn mú, ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. Òjúolápé ìyàwó rẹ̀ ń se ewé fún oúnjẹ. Ọmú rẹ̀ gbẹ, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí ọdún já. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó tún ti lóyún. Ẹ̀rù ń ba Láwuyì. Bí wọ́n bá ń gún iyán nílé kejì, á tẹ́tí, á máa gbọ́ bí odó ṣe ń dún, bí ẹni pé odó náà lè dákẹ́ nígbàkigbà.

Ó tọ àwọn awo lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Láwuyì, ọwọ́ rẹ kò kéré. Ojú rẹ ló pọ̀."

Wọ́n ní kí ó rúbọ: obì mẹ́rin, ahá epo kan, àti àwọ̀n tuntun tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn hun. Wọ́n ní kí ó fi àwọ̀n náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó má sì gbà á padà.

Láwuyì wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, bàbá. Obì, mo mọ̀ ọ́n. Epo, mo mọ̀ ọ́n. Kí ni Ifá fẹ́ fi àwọ̀n ṣe? Ṣé Ifá ti ń pẹja ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ifá kò pẹja. Nǹkan púpọ̀ ló ń fà ọ́ ya. Ifá ní kí o sọ ọ̀kan sílẹ̀."

"Bí mo bá mọ èyí tí n ó sọ sílẹ̀ ni, ṣé ǹ bá wá síbí?"

"Ìdí nìyẹn tí a fi bá ọ mú un," ni bàbá náà wí. "Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìgbàkigbà tí o bá fẹ́ mú nǹkan, dárúkọ ohun tí o máa fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Pè é sókè, kí etí rẹ gbọ́."

Láwuyì fi obì sílẹ̀, ó fi epo sílẹ̀. Àwọ̀n ńkọ́? Ó gbé e kọ́ àjà. Ó ní kí wọ́n ṣí ibú ìlú ná.

Ibú kan wà ní Ìjàdò tí ẹnikẹ́ni kì í dẹ láti ọdún dé ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Olómi, tí í ṣe àwòrò odò náà, ń ṣí i, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ohun tí kálukú bá rí pa, tirẹ̀ ni. Ẹnìkan kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹja ọ̀fẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ilẹ̀ rọ̀. Láwuyì àti àwọn mẹ́rin mìíràn jọ ń ṣe àáró: wọ́n á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, ó di ọ̀rún kí wọ́n tó lọ sóko ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Bí àwọn márààrún bá jáde, irinwó ebè ni wọ́n ń kọ lójúmọ́. Láwuyì ti bá àwọn mẹ́rin yòókù kọ tiwọn. Ọ̀la ni tirẹ̀. Àfi bí Olómi ṣe ní kí wọ́n kéde pé ọ̀la lòun ń ṣí ibú.

Nírọ̀lẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá bá a. Ṣówándé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù, ló ṣáájú.

"Láwuyì, o ti gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹja kì í dúró de ebè. Ebè ni kò lẹ́sẹ̀."

Òmíràn nawọ́ sókè àjà. "Wo àwọ̀n yẹn. Ṣé aláǹtakùn lo hun ún fún ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láwuyì náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ti là láti wí pé ó dáa. Ẹja ọ̀fẹ́ ni, àbí?

Òjúolápé yọ láti ìdí ààrò. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí gbogbo yín bá lọ sódò lọ́la, ọjọ́ wo ló tún kan oko tiwa?"

Ṣówándé họ irùngbọ̀n. "Ìyàwó wa, ìwọ náà ṣáà mọ àáró. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń tò sí. A máa padà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tó bá yí po, á kàn yín."

"Ìyẹn á tó ogúnjọ́."

"Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

"Ó dáa. Mo ní kí n kàn bèèrè ni." Ó padà sídìí ọbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Láwuyì rántí ohun tí àwọn awo wí. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè: "Bí mo bá mú ẹja, mo fi irinwó ebè sílẹ̀."

Etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó tún un wí, ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Irinwó ebè. Ẹja tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irinwó ebè ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun yìí? Ó yà á lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ọdún tó ti kọjá. Kí wá ni eyìn gbà lọ́wọ́ òun? Kí ni ìgèrè gbà? Ó ti ń san án tipẹ́, kò kàn mọ̀ ni.

Ó yí i padà. "Bí mo bá mú ebè, mo fi ẹja sílẹ̀. Agbọ̀n kan. Bí orí bá ṣe é, agbọ̀n méjì." Ẹja agbọ̀n méjì, kò lè tó wọn jẹ fún oṣù kan. Ó wo ìdí ààrò, níbi tí Òjúolápé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀.

Ó kọjú sí wọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oko mi ni ká lọ lọ́la."

"Ó fẹ́ fi àìrí ẹja jẹ pa wá," ni Ṣówándé wí, ṣùgbọ́n òfin àáró ni, kò lè kọ̀.

Láwuyì wo ojú wọn. Inú wọn kò dùn. Ó wá rí ohun mìíràn tí kò rò tẹ́lẹ̀: àwọn mẹ́rin yìí náà ń fi ẹja sílẹ̀, nítorí tòun. Ó gun àjà, ó sọ àwọ̀n kalẹ̀, ó gbé e fún Ṣówándé.

"Ìyàwó rẹ, ọmọ apẹja ni. Kí òun àti ìyàwó àwọn tó kù gbé e lọ. Ohun tí wọ́n bá pa, ẹ pín in láàárín ara yín. Ẹ má dá àwọ̀n padà."

"Ká má dá a padà kẹ̀? Ṣé ara rẹ dá?"

"Ẹbọ ni."

Ẹnikẹ́ni kò tún fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń gbọ́ ariwo ibú láti ẹ̀yìn òkè. Bí ariwo náà bá ti ta, ọkọ́ Láwuyì á dúró. Ó ti rò pé bí èèyàn bá ti mú èyí tó dára, ìkejì kò ní fani mọ́. Ó ṣì ń fà á. Ó ń rò ó, kò yé e bó ṣe jẹ́.

Ó bi Ṣówándé pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kí ni?"

"Ẹja."

"Ó ń dùn mí dé egungun. Kọ ebè rẹ, jàre."

Kí oòrùn tó wọ̀, irinwó ebè pé. Àwọn obìnrin darí dé, agbọ̀n wọn kún. Gbòǹgbò abẹ́ omi ti fa àwọ̀n ya pátápátá. Wọ́n fún Òjúolápé ní ẹja kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ohun tó kan ilé Láwuyì nínú ibú lọ́dún náà nìyẹn.

Ó gbin iṣu rẹ̀. Òjò kan rọ̀ lé e dáadáa. Lẹ́yìn náà, ọ̀dá dá. Ogúnjọ́ kọjá, ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá, ilẹ̀ le bí àpáta. Àwọn ará ìlú tó sún ebè wọn síwájú nítorí ibú ti jẹ ẹja wọn tán. Bí wọ́n bá sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀, ọkọ́ á ta padà. Nígbà tí òjò fi máa padà dé, iṣu Láwuyì ti ń ta lórí ọ̀pá. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó wà á, kò rí ibi tó máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Òjúolápé bí ọmọ náà wẹ́rẹ́, ọmú rẹ̀ sì kún. Odó ń dún nílé tiwọn.

Láwuyì ru iṣu lọ bá àwọn awo. Ó ń yìn wọ́n. Wọ́n ní Ifá ni kí ó yìn, àwọn kàn jíṣẹ́ ni.

Ifá ní: ojúmọ́ kan kì í gùn jù bó ti yẹ lọ, torí ọba, torí tálákà. Ẹni tí a bá kìlọ̀ fún, kí ó gbọ́. Ẹni tí a bá yan ẹbọ fún, kí ó rú u, kódà bó bá pẹ́ díẹ̀. Ẹbọ tí kò dun ẹni tó rú u, ohun tí kò wúlò fún un ló fi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ ohun tó jọ̀wọ́, ire á bá a nílé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò máa san án lọ́dọọdún, á sì máa pè é ní ọ̀fẹ́.