Àwẹ̀ró Níbi Ibojì Ọkọ Rẹ̀

Apẹja ni Láoyè, Àwẹ̀ró sì ni ìyàwó rẹ̀. Ní Àpáta-Odò, abúlé kan létí odò, wọ́n wà lára àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn ìgbàgbọ́, nígbà tí ilé ìsìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ ahéré oníkoríko. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí: Ṣọpẹ́, ọmọdébìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjì dojú ọkọ̀ Láoyè dé lórí odò. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé ìsìn. Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró kò ti gbélé mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò lọ jókòó ti ibojì náà, yóò dojú kọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀, yóò máa sunkún títí ìrọ̀lẹ́. Ṣọpẹ́ a tẹ̀ lé e, a jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

“Màámi, ebi ń pa mí.”

“Jẹ́ n sunkún bàbá rẹ,” ni ìyá a máa wí, kò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Àwọn aládùúgbò a bu oúnjẹ fún ọmọ náà, wọ́n a ní kó bá àwọn lọ sílé. Yóò kọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, ìyá òun náà lè lọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Fáṣọlá ajíhìnrere ka Ìhìnrere Jòhánù, níbi tí Màríà ti ń sunkún lẹ́nu ibojì, tó yíjú padà, tó rí Jésù, tó sì ṣèbí olùṣọ́gbà ni. Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá Àwẹ̀ró nídìí ibojì Láoyè.

“Ìyá Ṣọpẹ́, Olúwa kò ní kí Màríà má sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ó dúró sí. Jọ̀wọ́, bojú wẹ̀yìn.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tí Màríà ń sunkún rẹ̀ jí dìde. Tèmi ń bẹ nínú ilẹ̀ níhìn-ín. Ẹ má fi ayọ̀ ẹlòmíràn ṣìpẹ̀ fún mi.”

Fáṣọlá rọra lọ.

Nígbà tó yá, òjò kan rọ̀ láti òwúrọ̀. Àwẹ̀ró kò dìde.

“Màámi, òtútù ń mú mi.”

“Mo ń bọ̀.”

Ọmọ náà fi orí ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Àwẹ̀ró mọ ooru náà lára. Ó tilẹ̀ tù ú nínú òtútù yẹn. Ó ń sunkún rẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò yóò fi dá, ooru náà ti lọ.

“Ṣọpẹ́!”

Kò dáhùn. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró tó bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà sì yẹ̀ lulẹ̀. Ó ti kú.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣọ́ Àwẹ̀ró, kó má lọ kó sódò. Fáṣọlá wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wàásù. Àwẹ̀ró yíjú sí i.

“Bàbá, ẹ ka ti Màríà yẹn fún mi.”

Ó kà á.

“Nígbà tí kò dá Olúwa mọ̀, ṣé Ó bá a wí?”

“Rárá. Orúkọ rẹ̀ ló fi pè é.”

“Tòun ti omi lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Tòun ti omi lójú rẹ̀.”

Àwẹ̀ró fi aṣọ bojú. Ọ̀rọ̀ náà kò jí Ṣọpẹ́, kò sì mú ẹ̀bi kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kó bọ́ sódò.

Omijé kò gbẹ lójú Àwẹ̀ró títí tó fi kú. Síbẹ̀, ilé tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, yóò débẹ̀. Yóò gbé ọmọ ọlọ́fọ̀ lé e lẹ́sẹ̀, yóò ní, “Sunkún, mi ò ní kí o má sunkún. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó kù.” Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sọ ọ́ dòwe fún wa pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.