Ilé Oúnjẹ Tí Olóyè Ti Sọ Pé Ó Dùn

Nígbà tí Ìyá Mojírọ́lá, ìyàwó Olóyè Akíngbọlá, wà láyé, Olóyè kì í jẹun níta. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jókòó ti iyán lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ìsìnkú obìnrin náà, kò sí ilé oúnjẹ kan ní Ìbàdàn tí Olóyè kò bú, ni ó bá sọ fún Mùdáṣírù, awakọ̀ rẹ̀, pé, "Bí o kò bá mú mi dé ibi tí n ó ti fi ẹnu ara mi sọ pé 'ó dùn' lónìí, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi sílẹ̀ kí o máa lọ." Ta ló fẹ́ se ọbẹ̀ tí yóò dùn lẹ́nu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Ní Mọ́kọ́lá, Olóyè ní iyán ní kókó. Ní Bódìjà, ó ní ọbẹ̀ tẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àdó, Mùdáṣírù ní kí wọ́n gbé abọ́ méjì wá; ó gbé ọ̀kan síwájú Olóyè, ó gbé èkejì síwájú àga tó ṣófo. "Ta ló ni ìyẹn?" ni Olóyè bi í. "Àyè Màmá ni, sà." Olóyè wo àga náà títí. "Mùdá, ikú obìnrin yẹn, ó dùn mí wọra." Mùdáṣírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń jẹun. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ti sọ ọ́." "Kí ni mo sọ?" "Ẹ ní ó dùn, sà. Ẹ kò kúkú sọ pé oúnjẹ ni kí ó dùn." Olóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Alágbárí ni ọ́. Dìde, jókòó síbẹ̀, kí iyán má tutù." Títí di òní, àpò Mùdáṣírù ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà, àga tó kọjú sí Olóyè kò sì ṣófo mọ́.