Ìdí tí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ẹ̀gà Fi Dojú Kọ Ilẹ̀

Nígbà láéláé, kí fóònù tó dáyé, kí ẹnikẹ́ni tó máa gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sórí ayélujára, ẹ̀gà kì í gbé orí ọ̀pẹ. Orí igi kúkúrú ló ń kọ́lé sí. Ẹnu ilé rẹ̀ a là sókè bí igbá, ẹni tó bá ń kọjá lọ a yọjú wo inú rẹ̀.

Ẹ̀gà kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àkànmú lorúkọ ọkọ rẹ̀.

Àpáta kan sì wà láàárín igbó tí inú rẹ̀ jìn bí kànga. Ohun tí a bá sọ sí ẹnu àpáta yìí, gbogbo igbó ló ń gbọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, torí iná ni wọ́n ṣe ń lò ó: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èéfín ni yóò sáré lọ kéde. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí wọn kì í sọ níbẹ̀ mọ́. Ẹtu kéde pé òun ti bímọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kéde ohun tó jẹ láàárọ̀. Àwọn tó gbọ́ a sì máa dáhùn láti ibi gbogbo pé, "Ó dára o! Ó dára!"

Ìdáhùn yẹn wu Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ilé wọn, ó gba ibẹ̀ lọ.

"Ẹ bá mi yọ̀ o! Èmi Àwẹ̀ró ti kọ́lé! Orí igi iyeyè etí odò ni, lẹ́ẹ̀ka kẹta!"

"Ó dára o! Ó dára!"

Ohùn tó dáhùn lé ní ogójì. Orí Àwẹ̀ró wú. Àtìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó kéde pé ọmọ mẹ́ta ti jáde nínú ẹyin òun, pé wọn kò tíì níyẹ̀ẹ́ lára. Ó kéde pé ọkọ òun ń lọ oko ìrẹsì, pé ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Ó kéde pé ọ̀sán gangan lòun máa ń lọ wẹ̀ lódò.

Àdàbà àgbàlagbà kan wà tí ń gbé igi ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó pè é lọ́jọ́ kan.

"Àwẹ̀ró, nínú àwọn tó ń dá ọ lóhùn yìí, mélòó lo mọ ojú wọn?"

"Ìyá, gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Àbí ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ ni?"

"Mo gbọ́ àwọn tó ń yọ̀. Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ ni mi ò gbọ́."

Àwẹ̀ró rò ó lọ́kàn pé owú ni ìyá yìí ń jẹ. Ó kí i, ó sì fò lọ.

Ejò wà lára àwọn tí kò sọ̀rọ̀. Ó ká jọ sábẹ́ ewé gbígbẹ ní òdìkejì odò, ó ń gbọ́. Kò dáhùn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ti odò dé, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ejò ló bá nínú ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù, ó rọ̀ mọ́ etí ilé. Àwẹ̀ró kígbe. Ó ń fi ẹnu ṣá Ejò lójú títí Ejò fi fi ọmọ náà sílẹ̀.

"Ta ló júwe ilé mi fún ọ?"

"Ìwọ ni," Ejò dáhùn. Kò kánjú. "Igi iyeyè, ẹ̀ka kẹta. Ọmọ mẹ́ta tí kò níyẹ̀ẹ́. Bàbá wọn wà lóko, ìyá wọn wà lódò. Èmi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú koríko lọ.

Àdàbà ti gbọ́ igbe, ó wá fi apá bo ọmọ tó kù. Àwẹ̀ró fi ọmọ náà sílẹ̀ fún un, ó fò lọ sí ibi àpáta.

"Dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi!"

"Dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi!" ni àpáta kéde fún gbogbo igbó.

Àwọn tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa dáhùn láti ọ̀nà jíjìn: "Ó dára o! Ó dára!"

Àwẹ̀ró kúrò lẹ́nu àpáta. Ó padà sílé.

Nígbà tí Àkànmú dé ní ìrọ̀lẹ́, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bá a wí. Ó jókòó ti ọmọ tó kù. Ó bi Àwẹ̀ró pé:

"Níbo la ó gbé èyí sí?"

Àwẹ̀ró wo òkè. Ó rí ọ̀pẹ kan, ó wo ṣóńṣó imọ̀ rẹ̀ tí atẹ́gùn ń mì.

"Ibẹ̀ yẹn. Bí Ejò bá débẹ̀, yóò yọ̀, yóò já bọ́."

Wọ́n ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì hun ún yípo. Àwẹ̀ró dí òkè ilé pa, ó gbé ẹnu ọ̀nà sísàlẹ̀.

"Báwo la ó ṣe máa wọlé?" Àkànmú béèrè.

"Àwa tó kọ́ ọ la ó mọ̀."

Àwọn ẹbí wọn gbọ́, wọ́n sì wá kọ́lé sórí ọ̀pẹ kan náà. Àwẹ̀ró kò lè panu mọ́, ẹ̀gà ni. Ṣùgbọ́n òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan: gbogbo wọn yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nípa oòrùn, nípa atẹ́gùn, nípa ìrẹsì tó gbó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tó wà nínú ilé.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ẹ̀gà ti ń so rọ̀ ní ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀. Ariwo wọn kò sì dín kù. Dúró sábẹ́ igi wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, o ò ní mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀.