Irin Tí Láṣebíkan Fẹ́ Fi Da Ọta

Àwọn àgbà máa ń sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì kó má rí ìdí rẹ̀. Irin kì í ṣe ẹ̀pà tí a ń pa kí ọmọ inú rẹ̀ lè jáde, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àgbọn tó lómi nínú. Bí alágbẹ̀dẹ bá lù ú lójú kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kí ni yóò yọ níbẹ̀ bí kò ṣe ariwo? Àwọn ará Ìdí-Emi nìkan ni kì í béèrè, nítorí ìlú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ahunṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Láṣebíkan ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Láṣebíkan mọ aṣọ í hun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni. Ọdẹ́mùyíwá bàbá rẹ̀ ti fi ìbọn ṣakabùlà kan ṣoṣo bọ́ ilé fún ogójì ọdún, nígbà tó sì kú, Láṣebíkan nìkan ni ọmọkùnrin tó fi sílẹ̀, òun ni ìbọn náà kàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e lọ sí etí odò Aráromi, ẹtu kan yọjú, Láṣebíkan di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì yìn ín. Ìbọn náà bú. Nígbà tí ó fi máa la ojú, ìbọn ti wà nísàlẹ̀ odò, òun fúnra rẹ̀ ti wà ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ béèrè ìbọn, ó béèrè fìlà. Láṣebíkan ní fìlà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ti ìbọn, ó kọjá sínú yàrá.

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá, ojú ṣì ń ti Láṣebíkan, nítorí náà ó wá nǹkan tí yóò máa fi pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí da ọta ìbọn lẹ́yìn ilé. Ó ṣa òjé jọ láti ibi gbogbo, ó to òkúta mẹ́ta, ó gbé ìkòkò àlòkù ka iná. Bí òjé bá ti yọ́ tó ń dán bí ojú ẹja tútù, inú rẹ̀ a dùn ju ìgbà tí wọ́n bá yin aṣọ rẹ̀ lọ. Ìka ló fi ń dá ihò sínú amọ̀ tútù, inú ihò náà ló ń da òjé sí. Ọta tó ń jáde níbẹ̀ kò jọra wọn. Òmíràn rí bí àlùbọ́sà, òmíràn sì rí bí eyín arúgbó. Ìbídùn kó díẹ̀ nínú wọn, ó ń fi wọ́n tẹ orí ìdérí ìkòkò kí ẹ̀fúùfù ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá dúró síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ìmàdò kan tó dé sí oko àwọn ará Ìdí-Emi. Ẹranko náà tóbi, eyín rẹ̀ yọ síta bí ìwọ. Ó hú ebè iṣu bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Nígbà tí àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ajéigbé fẹ́ lé e, ó fi eyín la itan rẹ̀, wọ́n sì fi ẹní gbé e délé. Àwọn ọdẹ yìnbọn fún un, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ àti àjákù irin ni wọ́n ń kì sínú ìbọn. Ìmàdò gbọn etí rẹ̀ méjì, ó ń bá iṣu lọ.

Olúọ́dẹ Ọdẹ́rìndé pe ìpàdé. Ó ní ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, gbogbo ọdẹ yóò jáde. Nítorí bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe pe Láṣebíkan, kò sì sí ẹni tó retí pé yóò sọ̀rọ̀. Ó dìde. Ó ní ìbọn wọn kò burú, ọta wọn ló burú, ó ní òun yóò da ọta róbótó fún gbogbo wọn, irú èyí tó ń wọ ara ẹran bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ. Ibẹ̀ ni ìbá dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mi orí sí i, orí tí wọ́n ń mi dùn mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ lọ: ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ yìn ín.

Olúọ́dẹ ní ọmọ Ọdẹ́mùyíwá ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní iwájú lọ́dọ̀ òun ni yóò dúró, pẹ̀lú ìbọn bàbá rẹ̀.

Láṣebíkan darí sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wúwo. Ó rò ó títí, ó wá tan ara rẹ̀ pé bí ọta náà bá dára tó, ìyìn ni wọn yóò máa yin òun, wọn kò ní ráyè béèrè ìbọn. Ohun tó kù ni irin tí yóò fi da á. Ó ti gbọ́ pé irin kan wà tó jẹ́ abala méjì, tó ń pa dé bí obì, tí wọ́n ti gbẹ́ ihò róbótó sí àárín rẹ̀. Bí a bá da òjé sí i tó sì tutù, a ó là á, ọta yóò bọ́ sílẹ̀ bí ọmọ obì. Ẹni tó lè rọ irú rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Ajíbáyé, alágbẹ̀dẹ Ìdí-Emi fúnra rẹ̀, tí kò jẹ́ kí oníbàárà sọ̀rọ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, Ajíbáyé ti rọ irin náà. Abala méjèèjì ṣá kọ̀, wọn kò pa dé. Gbogbo ọta tó jáde níbẹ̀ ló ní etí méjì, ọ̀kan tiẹ̀ ní etí àti ìrù. Ajíbáyé wò ó, ó ní etí yẹn ni yóò fi máa gbọ́ ibi tí ẹran wà.

Láṣebíkan gbọ̀nà Ọjà Agbélédè, ìrìn ọjọ́ kan gbáko, nítorí wọ́n sọ fún un pé alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń rọ ohunkóhun. Òótọ́ ni, ọkùnrin náà rọ ọ́, abala méjèèjì sì pa dé wẹ́kú. Inú Láṣebíkan dùn dé ilé. Nígbà tó da òjé sí i, ọta tó tóbi tó àgbálùmọ̀ ló jáde. Ìbọn tó lè gbé irú rẹ̀ mì kò tíì sí lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi emi ní kó bá àwọn da kékeré lára rẹ̀, nítorí ọmọ ayò wọn kò pé mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù nígbà tí ẹnì kan dárúkọ Ògúnkẹ́yẹ fún un. Àgbàlagbà ni Ògúnkẹ́yẹ, ó ń gbé ní abúlé kékeré kan lẹ́yìn òkè, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láṣebíkan bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó kí i pé Ògún á gbè é, bàbá náà sì kí i padà pé ojú á gbooro, bí a ṣe ń kí ahunṣọ. Láṣebíkan ṣàlàyé ohun tó ń fẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ògúnkẹ́yẹ gbọ́ ọ tán, ó béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

“Ìbọn ta ni ọta yìí yóò wọ̀?”

Láṣebíkan ní ìbọn bàbá òun ni. Bàbá ní kó gbé e wá kí òun fi wọn ihò. Láṣebíkan ní ibi tí wọ́n gbé e kọ́ ga púpọ̀, ó wá na ìka ọmọdínrín rẹ̀ síta, ó ní bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ògúnkẹ́yẹ wo ìka náà. Ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú.

Láṣebíkan padà wá ní ọjọ́ kẹta. Bàbá ń lu irin náà, ibi tó ń lù lọ́jọ́sí náà ló ṣì ń lù. Ó tún béèrè pé ìbọn ta ni ọta náà yóò wọ̀. Láṣebíkan ní ìbọn bàbá òun náà ni, ṣùgbọ́n ara ìbọn náà kò yá lọ́wọ́lọ́wọ́, òun ń fi epo pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, àtàǹpàkò rẹ̀ ló nà síta. Bàbá wo àtàǹpàkò, ó ń bá irin lílù lọ.

Nígbà tí Láṣebíkan délé, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sọ sílẹ̀. Ó sọ fún Ìbídùn pé arúgbó náà ti ń ṣe arán, ojú kan ni ó ń lù, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń béèrè, ọjọ́ sì ń lọ. Ìbídùn ń ran òwú ní tirẹ̀. Ó ní òun yóò bá a lọ lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun fojú ara òun rí i.

Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún kù kí wọ́n jáde, àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ Ògúnkẹ́yẹ. Kò, kò, kò ni wọ́n ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí bàbá, ó jókòó, ó ń wò yíká. Bàbá kò gbójú sókè.

“Ìbọn ta ni ọta yìí yóò wọ̀?”

Láṣebíkan ń wá irọ́ kẹta, kò tíì rí i mú tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi,” ni Ìbídùn wí. “Ẹwìrì kò fẹ́ iná. Adìyẹ sàba sínú eérú níbi iná. Irin ọwọ́ yín tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Kí lẹ wá ń lù?”

Láṣebíkan yíjú síbi iná. Lóòótọ́ ni, adìyẹ kan sùn sórí ẹyin rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó sì hàn pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Nígbà tó wá ní ọjọ́ kẹta, kò rí i.

Ògúnkẹ́yẹ gbé owú tó fi ń lurin sílẹ̀. “Ìyàwó mi,” ó ní, “alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ yọ, Bàbá?” ni Láṣebíkan béèrè.

“Irin tìrẹ ti parí láti ọjọ́ kejì,” ni bàbá dáhùn. “Ìwọ ni mò ń lù.”

Ó na ọwọ́ sábẹ́ awọ tó jókòó lé, ó fa irin abala méjì kan yọ, ó pa á dé. Ojú kò rí ibi tí abala kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ nìkan ni kò tíì sí. Ó ní bí ọta bá tóbi ju ẹnu ìbọn, kò ní wọlé. Bí ó bá kéré jù, bí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò, yóò bọ́ sílẹ̀ sínú koríko. Èyíkéyìí tó bá ṣẹlẹ̀, ìmàdò yóò bá ọdẹ lọ́wọ́ òfo, itan Ajéigbé kò sì ní jẹ́ ìkẹyìn. Ó ní ẹni tí ìbọn rẹ̀ fẹ̀ tó ìka ọmọdínrín lọ́jọ́ kan, tó tún fẹ̀ tó àtàǹpàkò ní ọjọ́ kẹta, yálà ìbọn rẹ̀ lóyún ni, tàbí kò ní ìbọn.

Ìbídùn fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Láṣebíkan bá sọ gbogbo rẹ̀: ẹtu, ojú tó dì, odò Aráromi, títí kan fìlà. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó yà á lẹ́nu pé ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ògúnkẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó padà lọ sọ ọ́ fún Olúọ́dẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún òun, kó sì kó ìbọn àwọn tó fẹ́ jáde wá kí òun wọn wọ́n.

Ọ̀nà Ìdí-Emi kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Láṣebíkan bá Olúọ́dẹ àti àwọn ọdẹ mẹ́jọ lójúde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ń retí ẹ̀rín àti èébú. Ṣùgbọ́n ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́sọlá yọ́ wúkọ́, ó ní bó bá ti jẹ́ ọjọ́ òótọ́ nìyí, ìbọn tòun náà kò dún láti ọdún ìjẹṣu mẹ́rin sẹ́yìn. Òmíràn ní tòun kò ní ohun tí wọ́n fi ń yìn ín mọ́. Ẹ̀kẹta ní kò dá òun lójú, òun kò wo inú tòun mọ́ nítorí ohun kan máa ń kùn níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó ìbọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dé ọ̀dọ̀ Ògúnkẹ́yẹ, mẹ́rin péré ló lè dún. Ilé agbọ́n ló wà nínú èyí tó ń kùn, bí àwọn agbọ́n náà sì ṣe jáde, kò sí ọdẹ kan tó rántí pé òun jẹ́ akọni. Olúọ́dẹ jókòó sórí òkúta, ó ń fọwọ́ pa ibi tí wọ́n ti ta á ní ọrùn, ó ní àwọn ìbá kó gbogbo ìwọ̀nyí lọ dojú kọ ìmàdò.

Ògúnkẹ́yẹ gbé adìyẹ àti ẹyin rẹ̀ lọ sí inú agbọ̀n, ó dá iná. Ó tún ìbọn mẹ́ta ṣe, ó ní kí wọ́n lọ fi méjì yòókù kọ́ sára ògiri. Ó wọn ihò àwọn tó kù, ó gbẹ́ ihò tó bá wọn mu sínú irin náà, Láṣebíkan sì gbé e délé, ó da ọta fún ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n jáde róbótó, kò sí elétí, kò sí onírù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n jáde, Olúọ́dẹ ló yìn ín ní àkọ́kọ́, Ọdẹ́sọlá tẹ̀ lé e, ìmàdò sì wó lulẹ̀ láàárín ebè iṣu. Láṣebíkan bá wọn lọ. Orí igi ni ó wà pẹ̀lú àpò ọta, níbi tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Nígbà tí ìbọn bú, ó di ojú, ṣùgbọ́n kò ju àpò náà nù. Wọ́n gé itan kan fún Ajéigbé dípò tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi Láṣebíkan léèrè bó ṣe di ẹni tó ń da ọta fún àwọn ọdẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí arúgbó kan ṣe fi irin tútù lu òun fún ọjọ́ mẹ́fà. Ìtàn náà rin ìrìn àjò, adìyẹ àti agbọ́n ti já sọ́nà, ó ku ọ̀rọ̀ bàbá nìkan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, má yára sọ pé ó ń ṣe arán. Wo ibi iná rẹ̀ dáadáa ná. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.