Bíríkìlà Tó Ń Tọ Ẹ̀jẹ̀

Bíríkìlà kan wà tó máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun ò mọ bí inú ilé ìwòsàn ṣe rí. Nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Àkàbà tó máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀, ó wá ń sinmi láàárín rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dín lára òun. Ó ra pòròpórò ọkà bàbà, èyí tó pupa tí àwọn ẹlẹ́gbòogi ń tà, ìyàwó rẹ̀ ń bá a rẹ ẹ́ sómi, ó sì ń mu ún láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ń tọ̀ lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kọ́, ó wolẹ̀, ó rí i pé iyanrìn funfun ti pupa. Àyà rẹ̀ já. Àmọ́ kò dùn ún, kò ta á. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kún ara òun débi pé ó ń ṣàn dànù. Gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Mosún, ẹ jẹ́ ká lọ fi han dókítà.”

“Àwọ̀ pòròpórò ni. Mo máa fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, wàá rí i.”

Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Kò pẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ kedere. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Obìnrin náà wò ó, ó dúpẹ́, ó sì lọ rẹ àgbo mìíràn. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wá, ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà. Wọ́n dán an wò, ohun tí wọ́n rí sì tàn wọ́n jẹ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà padà, wọn ò kà á sí mọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí ojú ìtọ̀ rẹ̀ pa, tó ń ké bí ọmọdé, ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ inú rẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ti gba àpò ìtọ̀, ó ti wọ eegun.

“Bàbá, ká ní ẹ wá nígbà àkọ́kọ́ ni.”

“Kò dùn mí nígbà yẹn,” ni ọkùnrin náà wí. Ohun tó ń tún sọ nìyẹn títí ó fi kú.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, ìyàwó rẹ ti sọ ohun tó rí nínú póò fún mi. O ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, o ní ó ti lọ. Ó lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá téèyàn ń kó nínú omi odò, oògùn sì wà fún wọn. Ó sì lè jẹ́ irú ti bíríkìlà. Mi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù. Orí àga tó o jókòó sí yìí kọ́ lo ti máa mọ̀ ọ́n. Wọ bàtà rẹ.