Onílé Kì í Kágò: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Òkè Ìsárí

Onílé kì í kágò. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí. Bí ọmọ kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ tó ń tijú àtiwọlé, àgbà kan yóò ní kó máa bọ̀, onílé kì í kágò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹlòmíràn yóò ní ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. N kò ní bá a jiyàn. Ohun tí àwọn ará Ìsárí sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ olókè ni Ìsárí, àpáta ló yí ìlú náà ká. Ìlú tí à ń rí ní ìsàlẹ̀ lónìí kọ́ ni Ìsárí àtijọ́. Orí òkè ni wọ́n ń gbé nígbà ogun. Ògiri ilé wọn ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ tí àwọn ìyá ńlá wọn fi lọ àgbàdo títí tí ojú àpáta fi jin kòtò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin òkú wọn sí. Orísun omi kan wà láàárín àpáta méjì tí kì í gbẹ bí ọyẹ́ ti wù kó le tó. Omi Àbíyè ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá bímọ ní Ìsárí, obìnrin tó dàgbà jù nínú ìdílé ni yóò gun òkè lọ bu omi náà láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ. Òun ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kan ọmọ lẹ́nu kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tọ́ omi yẹn wò, wọ́n á ní kò tíì dé Ìsárí.

Ilé-iṣẹ́ kan wá láti ìlú ńlá. Wọ́n ní òkè náà rẹwà, pé àwọn àlejò yóò máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, orúkọ Ìsárí yóò sì kàn káàkiri. Ọba ìlú, Kábíyèsí Adélùsì, gbà tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ta ni kò fẹ́ kí ìlú òun lókìkí? Àwọn ọmọ ìlú bá wọn ru iyanrìn, wọ́n bá wọn pò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n mọ àtẹ̀gùn sára àpáta, wọ́n sì ri irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àlejò má baà yọ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta wáyà yí ẹsẹ̀ òkè ká, wọ́n gbé géètì sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́gi níbẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá fẹ́ lọ sídìí sàréè bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàyè. Èyí tó dun àwọn obìnrin jù ni ti ọlọ. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà lọ kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá láti ibòmíràn, wọ́n fi àdìrẹ wọ̀ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n máa kúnlẹ̀ sídìí ọlọ kí àlejò lè máa yà wọ́n ní fọ́tò. Àwọn ọmọ tó ni ọlọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, àwọn àjèjì ló ń lọ òfìfo lórí rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Moróunrántí bímọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ kí Ọlọ́run tó dá a lóhùn, gbogbo agbo ilé ló sì ń retí ọjọ́ ìkómọ. Ìyá ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, ni àgbà obìnrin tó kù. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹlòmíràn bá òun lọ bu omi. Ó gbé kèrègbè kékeré kan láàárọ̀, ó forí lé òkè.

Fátúnwàṣe, ọmọ ìlú náà, ni wọ́n fi ṣọ́ géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

“Yèyé, ẹ má bínú,” ó wí. “Àwọn àlejò ńlá wà lókè lónìí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Bí ẹ bá lè lọ sí ọ́fíìsì lọ kágò ná, bóyá wọ́n á gbà.”

Ẹfúnyẹmí fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sókè. “Kí n kágò fún ta? Ìyá mi ló sùn sókè yẹn.”

Fátúnwàṣe rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wáyà ti dẹ̀ lẹ́yìn oko Aládé, pé bí ìyá bá gba ibẹ̀, òun yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i.

“Olè ló ń gba ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi,” ìyá àgbà dáhùn. “Onílé kì í kágò, kì í sì í yọ́ wọlé.” Ló bá jókòó sórí òkúta kan lẹ́nu géètì, ó gbé kèrègbè lé itan.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì, fi sọ̀ kalẹ̀. Kò bú ìyá àgbà o. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín náà ló sì bí àwọn tó gbọ́ nínú jù. Ó ní omi inú ìgò wà ní ọ́fíìsì, omi tó mọ́ tónítóní, kí wọ́n fún màmá ní ọ̀kan. Omi ṣáà ni omi ń jẹ́. Nígbà tí ìyá kò gbà á, ó ní ọ̀nà kan wà. Bí màmá bá lè wọ àdìrẹ bíi ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin yẹn, kó máa bu omi náà níṣojú àwọn àlejò, wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

“Ṣé kí n wá máa ṣeré ara mi?” Ẹfúnyẹmí bi í.

Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì yí padà. Ó gun òkè lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko bá ìyá àgbà níbẹ̀, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ a sọ agbọ̀n kalẹ̀, a jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n retí omi nílé títí tí wọn kò rí i, Moróunrántí fúnra rẹ̀ pọn ọmọ wá, ọkọ rẹ̀ àti àwọn mọ̀lẹ́bí tẹ̀ lé e. Oòrùn ń mú, ọmọ ń sunkún, kò sì tíì lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ já géètì, ṣùgbọ́n Ẹfúnyẹmí kò gbà fún wọn.

Ìròyìn dé ààfin. Kábíyèsí dìde, òun àti ìjòyè rẹ̀ kan, ó fẹ́ wá pàrọwà fún ìyá àgbà kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀rọ̀, Fátúnwàṣe ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

“Kábíyèsí, ẹ foríjì mí,” ó wí, ẹ̀rù sì wà nínú ohùn rẹ̀. “Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbàyè fún yín.”

Ọba gbójú sókè, ó wo ibi tí àwọn baba rẹ̀ sùn sí, ó wo àgádágodo tó rọ̀ mọ́ ara géètì. Ẹfúnyẹmí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sún díẹ̀ lórí òkúta.

“Kábíyèsí, ẹ jókòó tì wá,” ó wí. “Ààyè wà.”

Ojú ti ọba. Kò jókòó. Ó ní kí Fátúnwàṣe dìde, ó béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Fátúnwàṣe sọ ọ́.

“Níbo ni bàbá bàbá rẹ wà?”

“Ó wà lókè, Kábíyèsí.”

Fátúnwàṣe bá yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo pé àdéhùn wà nílẹ̀, pé Kábíyèsí fúnra wọn ló fọwọ́ sí i.

“Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ mú àlejò wá,” ọba dáhùn. “N kò fọwọ́ sí i pé kí ẹ sọ àwa di àlejò.”

Ẹfúnyẹmí ló kọ́kọ́ wọlé, kò sì kágò. Àwọn àlejò tó wà lórí àtẹ̀gùn yà fún un, òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ṣí fìlà. Ó bu omi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu létí orísun náà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà bínú lọ. Wọ́n tú irin ara àtẹ̀gùn kó dání, ìkà gbáà nìyẹn, nítorí àwọn ọmọ ìlú ló rù ú gòkè. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Fátúnwàṣe, ó padà sóko. Àlejò kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ìsárí ló ń mú àwọn tó bá wá gòkè báyìí, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn ilé wọn fún wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà pa òwe yìí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn nìkan ni. Nígbà tí ẹlòmíràn bá gba ohun tó jẹ́ tẹni, tó wá ní kí a máa bẹ òun kí a tó fọwọ́ kàn án, ìgbà náà ni wọ́n ń pa á. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yìn wọ inú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kó lè padà wá gba iwájú. Onílé kì í kágò.