Àáké Kì í Bí Iná

Ọkùnrin kan wà létí odò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ẹja yíyan fún ará abúlé. Ó gbà pé inú igi ni ooru ń gbé, bí oyin ti ń gbé inú afárá, àti pé bí èèyàn bá ti la igi, ooru á tú jáde. Nítorí náà, á la igi títí á fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, á ṣáná sí i, á wá fi amọ̀ dí gbogbo ihò ààrò kí ooru má baà sá lọ.

Àwọn apẹja kó ẹja wá, èyí tí gbogbo abúlé máa fi la àkókò òjò kọjá. Ó la igi, ó ṣáná, ó dí ihò. Èéfín ṣú. Iná ń kú lọ, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ìyàwó rẹ̀ dé. "Baba Ìbíyẹmí, ṣé ẹ ń yan ẹja yìí ni àbí ẹ ń sin ín?"

"Igi ọ̀lẹ ni. Kò ní ooru kankan nínú."

Inú bí ọkùnrin náà. Òun là á títí apá òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, igi wá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ààrò. Amọ̀ ya, atẹ́gùn wọlé, ẹyín iná tó kù sì sọ bùlà. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ó nu àáké rẹ̀. "Ṣé o rí i? Mo là á dáadáa ni."

"Àáké ló ń jó ni? Òógùn tiyín lẹ fi la igi. Ìgbà tí igi pàdé atẹ́gùn ni iná sọ."

Ọkùnrin náà po amọ̀ tuntun, ó dí ihò náà pa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ajá gan-an yẹra fún ẹja náà.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, ìwé ìdánwò rẹ ńkọ́? O kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ìdè oúnjẹ, ìyẹn ohun tó so àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ̀, ni agbára wà, pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti já ìdè náà, agbára á tú jáde. Wọ́n ti ṣàlàyé fún ọ pé jíjá ìdè ń gba agbára ni, kì í fúnni. Ìgbà tí ohun tí a já bá so mọ́ ọ́síjìn tí ò ń mí sínú, ní ìdè tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni agbára ń jáde. O mi orí, o ní o gbọ́. O tún padà lọ kọ ti àná. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn rí i kó ní òun ò rí i, ìyẹn ni kò ṣeé gbọ́ sétí. Mú bírò rẹ. Fagi lé e.